Ẹsẹ̀ Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọlé?

Nígbà tí orúnkún mi yìí ò tíì máa ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí... ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n jókòó sórí àtẹ̀gùn yìí. Àjà kẹta! Tómi, ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò sí ilé ìsàlẹ̀ mọ́ ní gbogbo Igbó Ẹfọ̀n ni?

Ẹ má wọlé o. Mo ní ẹ má tíì wọlé! Mo mọ̀ pé ìrẹsì wà nínú kúlà yẹn, mo mọ̀ pé ebi ń pa yín. Ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu, gbogbo wa sì tò síta bí àwọn tí lánlọ́ọ̀dù lé jáde. Tómi ń bi mí pé kí ló dé tí ìyá yín àgbà fi na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà, tó ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ wọ ilé tuntun yìí ṣáájú mi. Ó ní ṣé àṣà Yorùbá ni, àbí ti ìjọ aláṣọ funfun wọn.

Kì í ṣe ti Yorùbá. Kì í ṣe ti ìjọ. Ti àwọn ará Sikọ́tílándì ni.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ fọ́ọ̀sì-fíìtì. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, àwọn bàbá bàbá wọn ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fún mi níyàwó. Tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ dúró yìí, ọmọ-ọmọ Délé dírébà lẹ bá jẹ́. Ẹ bá pupa díẹ̀ sí i, àtẹ́lẹsẹ̀ yín á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí páànù.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yín àgbà ń wí lẹ́nu ọ̀nà? Ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí o. Mo wà níbẹ̀." Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣé mo ti purọ́ rí? Ẹ má dá mi lóhùn. Tómi, gbé fóònù yẹn súnmọ́ ẹnu mi.

Mo ti rìn láyé. Ẹ̀yin, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé kọ́nà ibí yìí, ẹ ó tẹ fóònù, mọ́tò á wá bá yín lẹ́nu gẹ́ètì, á tún máa pe orúkọ yín. Èmi, ẹsẹ̀ yìí ni. Mo ṣe ọmọ ọkọ̀ lórí mọ́tò agbégi l'Ọ̀rẹ̀. Mo po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì ní Ẹ̀pẹ́. Mo wa iyanrìn nínú ọ̀sà títí àyà mi fi le bí pákó. Mo ti sùn sí ibi tí ajá á gbóòórùn, tí á sì kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ojú mi ò gbébì kan ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan. Ilé búrẹ́dì tí mo wọ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́... ààrò ibẹ̀ wó. Ilé ìlagi tí mo wọ̀ l'Ọ̀rẹ̀, wọ́n tì í pa. Ọkọ̀ tí mo bá wọn fi wa iyanrìn, ó rì, gbogbo wa lúwẹ̀ẹ́ jáde bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Ṣé èmi ni mo rì í? Iyanrìn ló pọ̀ jù! Ààrò yẹn ńkọ́? Ó ti ń là kí n tó débẹ̀! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Ọ̀rọ̀ ti dé Ìkàtẹ́, ibi tí mo wá ń gbé, ṣáájú mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ Kànmí ò dáa. Ibi tó bá ti wọ̀, ó ti bàjẹ́.

Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láyé ìgbà yẹn. Tí mo bá ń bọ̀ láàárọ̀, ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà á ti na ajọ̀ epo sí mi látòkèèrè: "Kànmí, ọkọ mi, má bínú. Jẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ rà á. Gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá, olówó orí mi." Ó ń pè mí lọ́kọ, ó ń lé mi. Màá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Màá dúró títí ẹlòmíràn á fi rà á. Ẹlòmíràn yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, Délé dírébà ni.

Délé yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ó pupa bí ẹ̀pà tí wọ́n bó. Ó rẹwà, n ò ní purọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀ dáa. Wọ́n ní tí Délé bá kọ́kọ́ ra àkàrà, agbada á ti gbẹ kí oòrùn tó gbóná. Àwọn tó ń ta iyọ̀ pàápàá á máa pè é: "Délé, wọlé wá, ìwọ sáà tẹ ibí yìí!" Á wọlé, á tẹ ibẹ̀, á jẹ ẹ̀pà wọn, á jáde. Iṣẹ́ wo nìyẹn?

Èmi àti Délé, ilé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Ilé òyìnbó kan ni, ní Lẹ́kkí Fésì Wọ́ọ̀nù. Ibi tí wọ́n ń pè ní Fésì Wọ́ọ̀nù nígbà yẹn, iyanrìn ni, omi ni, ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ilé kan níhìn-ín, ilé kan lọ́hùn-ún, kí ènìyàn máa ju ọwọ́ síra wọn. Ibi tẹ́ ẹ ti ń mu kọfí lónìí, ibẹ̀ ni mo ti máa ń lé akàn.

Òyìnbó náà ń jẹ́ Dọ́ńkà. Ó wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá fa iyanrìn látinú omi. Irun orí ẹ̀ pupa bí epo. Tẹ́ ẹ bá pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú ẹ̀ náà á pupa bá irun: "Mi ò kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì! Sikọ́tílándì ni mí!" Bí ìgbà tẹ́ ẹ pe ará Ìjẹ̀bú ní ará Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ l'Ékòó, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ó sì lè bú ènìyàn dáadáa.

Délé ń wa mọ́tò ẹ̀. Èmi ń ṣọ́ gẹ́ètì. Ìyábọ̀ ń se oúnjẹ. Ìyábọ̀... ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, ó ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ọmọ yẹn, tó bá gbé abọ́ jáde láti kíṣìnnì, mi ò mọ ohun tó wà nínú abọ́ náà rí. Ojú mi ò dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ ńkọ́! Alàgbà Sùúrù. Orúkọ nìkan ló ní. Káfíńtà ni, àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun tó wà létí òkun Ìkàtẹ́. Òun ló kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé Dọ́ńkà. Mo lọ bá a nílé pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀. Ìta ló ti dá mi lóhùn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, pẹ́ńsù wà létí ẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì dí mi.

Ó ní, "Ọmọkùnrin, n ò kórìíra ẹ. O mọ ènìyàn kí. O ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ ni. Ẹsẹ̀ ẹ ò dáa."

Mo ní, "Bàbá, ààrò yẹn ti là kí n tó débẹ̀."

Ó ní, "Gbogbo ohun tó bá ti fẹ́ wó ló ń dúró dè ẹ́, àbí? Lọ wá ilé kan fún mi. Ẹyọ kan. Ilé tí ìwọ kọ́kọ́ wọ̀, tó sì tún dúró. Kí èmi fojú mi rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Délé ti ní ká wá gbọ́ tòun."

Ẹ gbọ́, ohun tó dùn mí jù ni pé èmi gan-an ti ń gbà wọ́n gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣọ́ gẹ́ètì yẹn, mi ò wọ inú ilé Dọ́ńkà rí. Òjò á máa rọ̀, Dọ́ńkà á ní, "Kànmí, wọlé!" Màá ní, "Rárá sà, ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn." Omi á máa kán sí mi lórí. Mo ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ ara mi. Ìyábọ̀ ń se oúnjẹ nínú ilé yẹn, ṣé èmi ni màá wọlé kí òrùlé já lé e?

Ìgbà ọyẹ́ ọdún yẹn ni ìyá Dọ́ńkà wá. Arúgbó kékeré báyìí, funfun bí òwú, ojú ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ọkọ ẹ̀ ti kú. Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀ ni. Bó bá sọ̀rọ̀, Dọ́ńkà á tún un sọ fún wa.

Ọdún ku díẹ̀ kó yí. Ìyá ní kí wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ ọkùnrin inú ọgbà jọ síwájú ilé. A rò pé ó fẹ́ fún wa ní nǹkan ọdún. Délé ti ń nu ẹnu. Ìyá ní ká bọ́ bàtà.

Ká bọ́ kí ni?

Bàtà. Ó ní ká gbé ẹsẹ̀ sókè, kí òun wo àtẹ́lẹsẹ̀ wa.

Dọ́ńkà wá ṣàlàyé, etí ẹ̀ ti pupa. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé nígbà tí ọdún bá yí, ẹsẹ̀ ẹni yẹn ló ń gbé ọdún náà wọlé. Òun ni wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀sì-fíìtì. Fíìtì yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè wọn. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin, kó ga, kó dúdú. Kò gbọdọ̀ wá lọ́wọ́ òfìfo: á gbé èédú dání, kí iná má kú nínú ilé, á gbé iyọ̀ àti búrẹ́dì, kí oúnjẹ má wọ́n, á gbé ọtí líle, ìyẹn ò nílò àlàyé. Kò sì gbọdọ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀ títí á fi gbé èédú yẹn sínú ààrò. Àwọn tí wọn ò fẹ́ rárá: obìnrin, ẹni tí irun òkè ojú ẹ̀ so pọ̀, ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ́. Èyí tó burú jù ni ẹni tí irun ẹ̀ pupa tàbí tó fẹ́ yẹ́lò. Dọ́ńkà ní ìdí nìyẹn tí òun fi máa wà nínú ilé kí ọdún tó yí, torí ìyá òun ò ní gba òun wọlé.

Mo ní, "Sà, kí ni irun pupa ṣe wọ́n?"

Ìyá ló dáhùn. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn kan máa ń gba orí òkun wá sí ilẹ̀ àwọn, nínú ọkọ̀ gígùn, àáké lọ́wọ́. Wọ́n á kó màlúù, wọ́n á kó ọmọ, wọ́n á ti iná bọ ilé. Irun wọn pupa, ó yẹ́lò. Torí náà tí ẹni pupa bá kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rù á bà wọ́n. Tó bá jẹ́ ẹni dúdú, á jẹ́ pé aládùúgbò ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òun ò sí níbẹ̀.

Mo wo òkun. Mo wo Dọ́ńkà. Mo wo irun ẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi, àwọn wo ló gba orí òkun bá àwa náà wá? Ṣùgbọ́n ọdún ń bọ̀, mo bọ́ bàtà mi.

Délé kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti mọ̀ pé òun ni. Ìyá wo àwọ̀ ẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní, "Ó tẹ́ bí ẹja." Délé! Ẹlẹ́sẹ̀ ire Ìkàtẹ́! Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ìyábọ̀ bú sẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, ó tún fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu.

Ó kàn mí. Mo gbé ẹsẹ̀ mi. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ gbẹ́, tí iyanrìn ọ̀sà yọ́... àárín ẹ̀ ga débi tí adìyẹ á fi gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ìyá fi ìka tọ́ ọ. Ó ní, "Ẹni yìí."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò dáa."

Dọ́ńkà sọ ọ́ fún un. Ìyá ní, "Àwọn wo?"

"Gbogbo Ìkàtẹ́, mà."

"Ṣé wọ́n wò ó?"

Mo ronú. Ó di ọjọ́ yẹn kí n tó rí i: kò sẹ́nì kankan tó wo ẹsẹ̀ mi rí.

"Wọn ò wò ó, mà."

Ó ní, "Èmi wò ó."

Ọ̀rọ̀ ti dé etí Alàgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá, ó dúró sí gẹ́ètì, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi kàn lo fẹ́ gbà wọlé. Tí ilé yẹn bá rí bó ṣe rí nígbà tí ọdún bá tún yí, wá fẹ́ Ìyábọ̀. Tí ohunkóhun bá ṣe é, ohunkóhun, Kànmí, kí o di ẹrù ẹ, kí n má tún rí ẹ ní gbogbo ilẹ̀ yìí." Délé sì dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó rọra ní, "Tí èmi bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Àárọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun dé. Ọyẹ́ bo gbogbo ibi bí ẹ̀fín. Àwọn aláṣọ funfun ń bọ̀ láti ìsìn àìsùn wọn, wọ́n ń rìn lórí iyanrìn láìwọ bàtà, Alàgbà wà níwájú wọn, Ìyábọ̀ wà nínú wọn. Wọ́n ti gbọ́. Gbogbo wọn yà sí ọgbà Dọ́ńkà láti wá wòran. Ìyábọ̀ ò bá wọn dúró síwájú. Ẹ̀yìn ló lọ, ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Kí ló rí níbẹ̀? Délé! Ó ti ń fi àyà ti ilẹ̀kùn.

Ìyábọ̀ mú ọmọrogùn tó sá sórí okùn... ìyá yín àgbà ní kì í ṣe orí okùn, orí ògiri ni. Ó dáa, orí ògiri. Ó jókòó sórí ìloro kíṣìnnì nínú aṣọ funfun ẹ̀, òun náà ò sì lè wọlé torí obìnrin ni, ó ní, "Délé, gbé ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn síbí, kí n fi èyí là á."

Èmi, mo wà níwájú. Mo kan ilẹ̀kùn. Èédú wà lápá kan, mo gbà á lọ́wọ́ alágbàfọ̀ tó ń lọ aṣọ. Búrẹ́dì wà lábẹ́ abíyá. Iyọ̀ wà lápò. Ìgò wà lọ́wọ́ kejì. Ọkàn mi ń dún ju ilẹ̀kùn lọ. Dọ́ńkà ṣí i.

Ìyá arúgbó ló jókòó síwájú gan-an, ó kọjú sí mi. Ó wọ aṣọ tó dáa jù. Orí ẹ̀ funfun.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ sọ fún mi. Àgbàlagbà ló jókòó yẹn. Orí ewú. Àárọ̀ ọdún tuntun. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ṣé kí n wá dúró ṣánṣán bí òpó iná, kí n máa rìn kọjá lójú ẹ̀, láìkí i? Ta ló bí mi? Wọ́n ní n má sọ̀rọ̀, wọn ò ní n má kí ènìyàn.

Mo dọ̀bálẹ̀.

Gbalaja! Ara mi ló ṣe é, kò bi mí. Orí mi, àyà mi, ọwọ́ mi méjèèjì, inú ilé. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì... ìta. Èédú fọ́n ká sórí kápẹ́ẹ̀tì. Búrẹ́dì yí gbirigbiri, ó lọ dúró sídìí bàtà ìyá. Ìgò nìkan ni mo gbé sókè tí ò fọ́.

Ìyá ní, "Ṣé ó dákú ni?"

Dọ́ńkà ní, "Ó ń kí yín ni, mọ́mì."

Ìyá na ọrùn, ó wo ìta. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì wọlé!"

Dọ́ńkà tún un sọ, ohùn yẹn sì dé ẹ̀yìn ilé. Délé pariwo: "Kò tíì wọlé! Kò tíì wọlé! Ẹsẹ̀ ẹ̀ wà níta!" Ó sá yí ilé ká bọ̀ wá síwájú, ó gbé agbádá ẹ̀ sókè, ó fẹ́ fo mí kọjá bọ́ sínú ilé. Mi ò lè sọ̀rọ̀, kí n sì tó dìde, á ti wọlé. Kí ni kí n ṣe? Mo na ẹsẹ̀ kan, mo fi kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó ṣubú sínú òdòdó Dọ́ńkà. Ìyábọ̀ sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn.

Alàgbà ní, "Ẹ dúró! Ẹsẹ̀ la wí. Ẹsẹ̀ ò wọlé. Kò sí àdéhùn mọ́. Kí Délé dìde, kó wọlé."

Ibẹ̀ ni Ìyábọ̀ ti bọ́ síwájú bàbá ẹ̀. Níwájú gbogbo ìjọ. Ó kúnlẹ̀, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò kúnlẹ̀ rárá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kí lẹ ní kò dáa lára Kànmí?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Ṣé ẹ ti sọ ọ́ rí pé orí ẹ̀ ò dáa?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó fi ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ò fẹ́ sílẹ̀ fún yín níta. Orí tẹ́ ẹ ò ní ẹ̀sùn sí ló gbé wọlé. Kí lẹ tún ń bá a jà sí? Tó bá sì ti dúró ṣánṣán níwájú màmá arúgbó yìí, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́?"

Àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá òyìnbó ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún òun. Nígbà tí Dọ́ńkà túmọ̀ ẹ̀ tán, ẹ̀rín ìyá yẹn... ó fi ọwọ́ di ìhà, omi ń dà lójú ẹ̀. Ó ní gbogbo ọdún tí òun ti ń rí fọ́ọ̀sì-fíìtì, orí ẹnikẹ́ni ò ṣíwájú ẹsẹ̀ ẹ̀ wọlé rí, àfi ẹni tó ti mu ọtí tó gbé wá.

Alàgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ pẹ́ńsù létí, bẹ́ẹ̀ ni, nínú aṣọ funfun yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni fẹ́ gé mi. Ó wo ìlà ẹnu ọ̀nà tó fọwọ́ ara ẹ̀ fà. Ó fi pẹ́ńsù yẹn wọn èyí tó wà nínú. Ó wọn èyí tó wà níta. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Èyí tó wà nínú ló pọ̀ jù. Ó ti wọlé."

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara yòókù wọlé. Mo ṣa èédú lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sínú ààrò kékeré tí wọ́n gbé sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó lanu. Mo ní, "Ẹ kú ọdún, mà." Gbogbo ilé hó yèè.

Ẹ rò pé ó tán? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀! Ọdún odindi ni ilé yẹn gbọ́dọ̀ fi dúró. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ibi yòókù tí mo ti wọ̀ rí, tí nǹkan bá ti fẹ́ máa yẹ̀, ojú ọ̀nà ni mo ń wò. Ilé yẹn, mi ò wo ojú ọ̀nà. Tí òjò bá ṣú, mo ti wà lórí òrùlé. Mo kó ewé kúrò ní gọ́tà. Mo gbẹ́ ojú àgbàrá. Ọgbà ilé tó tẹ̀lé wa wó nígbà òjò, odi tiwa ò mira. Kòkòrò tó bá fẹ́ jẹ ilẹ̀kùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n lójú. Alàgbà á kọjá, á bá mi lórí àkàbà. Á wò mí, á máa lọ.

Nígbà tí ọdún tún fẹ́ yí, ó wá. Kò wo òrùlé, kò wo odi. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ló dì mú. Ó ṣí i. Ó pa á dé. Ó tún ṣí i. Kò dún.

Ó ní, "Ta ló ń fi epo sí i?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Ó ní, "Lọ mú àwọn ènìyàn ẹ wá."

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá tó ń dín àkàrà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láàárọ̀. "Kànmí, ọkọ mi, wá kọ́kọ́ rà á!" Mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo ní kó pe Délé.

Ìyá òyìnbó ti padà sílé kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Dọ́ńkà sọ fún mi pé ó ń kọ́ gbogbo àdúgbò ẹ̀ lọ́hùn-ún pé orí ni kí wọ́n máa fi wọlé. Ẹ wo ìyẹn! Bóyá àwọn arúgbó Sikọ́tílándì ṣì ń dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín títí dòní, tí wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo kó bá wọn.

Ayé ti yí. Ta ló kọ́kọ́ wọlé yín lọ́jọ́ kìíní ọdún yìí? Ẹ ò mọ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà, gẹ́ètì ṣí, ẹ wọlé bí ẹni wọ báǹkì. Aládùúgbò yín, ẹ ò mọ àwọ̀ ẹ̀, ká má tíì sọ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa gba èédú ní gbogbo ọdún. Ohun tí mo ń wí ni pé tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ò dáa, ẹ bi í bóyá ó wò ó. Kí ẹ̀yin náà sì wò ó...

Ta nìyẹn? Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé páálí oúnjẹ yẹn! Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀! Tómi, ṣé ìwọ lo tún pe oúnjẹ? Ìrẹsì wà nínú kúlà! Ẹ wò ó, ẹ wo bó ṣe pupa. Ìyábọ̀, dá a dúró, fi báàgì dí i. Ẹ má bínú o, ọ̀gá mi, kì í ṣe ìjà. Ẹ ó jẹ níbẹ̀. Ó ku kí ẹnì kan kọ́kọ́ wọlé ni.

Ó yá, ẹ gbé mi dìde. Orúnkún ò gba ìdọ̀bálẹ̀ mọ́. Ìyábọ̀, dì mí mú ní bùbá lẹ́yìn, kí n tẹ orí wọlé. Rọra. Rọra mà! Èédú yẹn dà, ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́. Búrẹ́dì. Iyọ̀. Èwo ni ti ìgò yẹn? Ọtí ẹlẹ́rìndòdò? Háà, ayé bàjẹ́. Ẹ gbé e wá náà.

Tómi, pa fóònù yẹn. Kò ní rí nǹkan gbọ́ mọ́. N ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí màá fi gbé èédú yìí kalẹ̀.